Nípa Orúkọ Tí O Fẹ́ Rà ní Jahi

Ilé Ládánì,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Abà Ọ̀dàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ruqoyyah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó máa bá ọ gbé ní Dutse Alhaji níbẹ̀, ìwọ àti Saeed ọkọ rẹ, àti Balkis ọmọ yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ìjà onílé, kí omi máa yọ nínú páìpù yín láàárọ̀, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ rí ọ kí ó sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ti ṣe àmín sí i, ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún òsì tó máa ń dùn ún bí òjò bá fẹ́ rọ̀, tí àwọn ará àdúgbò wá ń yà wò ó láàárọ̀ kí wọ́n tó sá ẹ̀gẹ́, wọn kì í tún gbọ́ ti rédíò mọ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Ìjì ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n a ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí pé mo ti tẹ ibì kan nínú fóònù tí o rà fún mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, tí ẹnikẹ́ni bá pè mí báyìí, gbogbo ilé ló ń gbọ́, àwọn aládùúgbò á sì máa bá mi dáhùn láti ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aládùúgbò. Dírẹ́bà tó ń kó iṣu wá sí Abuja ni yóò gbé e fún ọ, fún un ní omi tútù.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o sọ sínú fóònù ránṣẹ́ sí mi. Diméjì, tíṣà ilé-ìwé wa, ló bá mi tẹ̀ ẹ́. O kí mi, mo dáhùn, mo bi ọ́ nípa Balkis, ṣùgbọ́n o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Mo ní kí o dúró díẹ̀, o ò dúró. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Ìyá rẹ ló ní kí n fojú fò ó, pé wàhálà Abuja ni, pé ọmọ òun kò yájú sí àgbà rí. Diméjì ní kì í ṣe àìgbọràn, pé láti àná lo ti sọ̀rọ̀ náà, pé èyí tó kù nínú fóònù la ń gbọ́. Èyí gan-an ni kò wá yé mi mọ́, torí mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. O ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Jahi tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn-àjò, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, físà, hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo rẹ̀. O ní wọ́n ń ta orúkọ wọn fún ẹni tó bá fẹ́, kí onítọ̀hún máa fi ṣe iṣẹ́ náà nínú pálọ̀ ara rẹ̀, pé faransáìsì ni wọ́n ń pè é. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí o lè máa rí ojú Balkis, kí o máa ti orí àga tìmùtìmù rán èèyàn lọ sí Dubai. O wá ní owó orúkọ náà ju agbára ìwọ àti Saeed lọ, pé kí n bá ọ ta ilẹ̀ kájú tó wà lẹ́bàá odò, èyí tí mo ti sọ pé tìrẹ ni, kí o fi kún un. O ní kí n tètè fèsì, torí pé ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àyè kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo Dutse Alhaji.

Bàálù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo mú fọ́tò ilé yín jáde, mo wò ó títí, mo rí i pé àgbàlá yín kò ju ibi tí ẹ ń sá aṣọ sí lọ, jẹnẹrétọ̀ onílé sì wà láàárín. Mo bi Diméjì pé níbo ni bàálù yóò ti yípo. Ìyá rẹ ní bóyá ẹrù nìkan ni yóò máa wá gbé. Diméjì fara balẹ̀, ó ṣàlàyé pé bàálù kò ní dé ọ̀dọ̀ yín rárá, pé àwọn èrò pàápàá lè má débẹ̀, pé orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí onílé. Ṣùgbọ́n mo wá ń rò ó pé bí bàálù kò bá wá, tí èrò kò sì wá, kí ni ìwọ fẹ́ jókòó tì nínú pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà, Diméjì fi búrẹ́dì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n wo ẹni tó ń yan búrẹ́dì nínú ilé ara rẹ̀, tó wá ń sanwó fún ẹlòmíì kí wọ́n lè tẹ orúkọ onítọ̀hún sára ọ̀rá búrẹ́dì. Mo bi í pé ta ló ń po ìyẹ̀fun. Ó ní ẹni tó ń yan án ni. Mo bi í pé ọwọ́ ta ló ń jóná nídìí ààrò. Ó ní ti ẹni yẹn náà ni. Mo ní kí wá ni olórúkọ ń ṣe. Ó ní olórúkọ ń gba owó lóṣooṣù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní iṣẹ́ tó dára ni, mo sì bi í bóyá iṣẹ́ ti olórúkọ yẹn náà wà fún títà, torí ìyẹn ni ìbá wù mí fún ọ. Ó ní kò sí. Ó ní ṣùgbọ́n wọn yóò fún ọ ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tó dà bí ìsọ̀ tí kò sí lọ́jà kankan, tí gbogbo ayé sì lè wọ̀. Ìyá rẹ béèrè ẹni tí yóò máa gbá a.

Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ ta ilẹ̀ lórí ohun tí mi ò mọ adùn rẹ̀, mi ò sì fẹ́ jẹ́ bàbá tó dínà mọ́ ọmọ. Ni mo bá pinnu pé kí n ṣe iṣẹ́ náà wò níbí ná. Ṣé inú ilé ni wọ́n ní kí a ti máa ṣe é, èmi náà ṣáà ní ilé. Mo gbé àga gígùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo nu tábìlì, mo dé fìlà àtàtà, mo jókòó. Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Lèmọ́mù, mo sì kéde nínú ẹ̀rọ tí a fi ń pèrun pé ẹni tó bá ní ìrìn-àjò kí ó máa bọ̀ nílé Ládánì, pé ilé-iṣẹ́ ti dé. Mi ò dárúkọ ti Jahi, torí pé a kò tíì sanwó orúkọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ mú ọ.

Èèyàn wá. Àwọn kan fẹ́ lọ sí Mẹ́kà lọ́fẹ̀ẹ́. Onígbàjámọ̀ wa béèrè bóyá bàálù ń gba àgbò. Ọkùnrin kan jókòó títí di alásàrí, nígbà tí mo wá bi í níbi tó ń lọ, ó ní òun kò lọ síbì kankan, pé afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló tu òun lára. Mo ní kí ó máa jókòó, kí ilé-iṣẹ́ má baà ṣófo.

Ẹni tó gbé ọ̀ràn gidi wá ni Waliyat, Ìyá Usamah, opó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. O rántí rẹ̀, òun ló máa ń fún ẹ̀yin ọmọdé ní àádùn. Usamah ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Mpape lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Láti ìgbà ààwẹ̀ èṣí ni kò ti pè mọ́. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ̀, obìnrin kan ló máa ń sọ èdè òyìnbó, Ìyá Usamah sì ti gbà pé ìyàwó tí ọmọ òun fẹ́ nìyẹn, tí kò fẹ́ kí òun bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ló tù ú nínú. Mo ní mo mọ obìnrin náà, òun náà ló máa ń gbé fóònù tìrẹ bí o bá wà níbi iṣẹ́, mi ò rò pé Usamah ló fẹ́ ẹ, òṣìṣẹ́ ìjọba ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga gígùn, ó ní, “Ládánì, mo fẹ́ lọ fojú mi rí ọmọ mi. Bó wà láàyè, bó ti kú, mo fẹ́ lọ rí i.”

Ọkùnrin tó ń gba afẹ́fẹ́ dìde, ó lọ. Èèyàn ti rò pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni, kí a dé fìlà kí a jókòó ni, àfi ìgbà tí ẹnì kan wá gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí ka orí tábìlì fún ọ. Ìyá Usamah kò tíì kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé rẹ̀.

Mo wá rò ó pé ibi tí orúkọ ti wúlò nìyí. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ Jahi wà nínú àwòrán ìpolówó wọn tí o fi ránṣẹ́. Mo gun àpáta tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo pè wọ́n. Wọ́n gbé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún mi. Mo rò pé wọ́n ń ṣe ìnáwó lọ́wọ́ ni, mo bá wọn yọ̀, mo dúró. Orin náà ń lọ títí owó fi tán lórí fóònù mi. Mo ra káàdì míì, mo tún pè, wọ́n tún orin náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wá mọ̀ pé wọn kò fẹ́ kí ibì kankan níbẹ̀ fò mí. Nígbà tó yá, ọmọdébìnrin kan gbé e, ó ní Shalom lorúkọ òun. Ọmọ tó níwà ni, ó ń sọ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣe ló ń fara balẹ̀ gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rìn lórí ẹrẹ̀. Mo ní mo ní èrò kan fún Mpape. Ó ní àwọn kì í ṣe ti Mpape, pé ti Dubai ni àwọn ń ṣe. Mo bi í pé èwo ló jìnnà sí wọn jù. Ó ní Mpape kò jìnnà, pé òun ń rí òkè rẹ̀ bí òun bá jáde síta. Mo wá bi í pé bí ọmọ mi bá ra orúkọ yín, tí èrò rẹ̀ wá há sójú ọ̀nà, ta ni nínú yín tí yóò lọ gbé e.

Ó ní, “Bàbá, orúkọ nìkan la ń tà. Ẹni tó bá rà á ló ni èrò rẹ̀.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò parọ́ fún mi, mo sì ṣàdúrà ọkọ rere fún un.

Ni èmi àti ìyá rẹ bá ṣètò náà fúnra wa. Mo gé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, mo kọ tíkẹ́ẹ̀tì sí i: Waliyat Ìyá Usamah, láti Abà Ọ̀dàn dé Mpape, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo kọ nọ́ńbà mi sí ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ di ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Mo sìn ín dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó wọ ọkọ̀ Abuja lójú mi, mo sì sọ fún dírẹ́bà pé èrò ilé-iṣẹ́ ni o, kí ó wà á jẹ́jẹ́. Ó wo fìlà mi, ó ní kò sí wàhálà.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti gbéra, oúnjẹ kọ̀, kò gba ọ̀fun mi kọjá. Ìyá rẹ gbé iyán síwájú mi, mo ń wò ó. Mo ń rò ó pé bí táyà bá jò ńkọ́. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ kí ó tó débẹ̀ ńkọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé dírẹ́bà já gbogbo wọn sílẹ̀ ní gáréèjì Zuba, létí Abuja, ó ní ibẹ̀ ni òun ń dé. Ìyá Usamah kò mọ Zuba, Hausa tó sì gbọ́ kò ju yauwa, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, lọ, nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, yauwa ló ń dáhùn. Wọ́n bi í ṣé Kaduna ló ń lọ, ó ní yauwa. Wọ́n ti gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀ Kaduna, òun náà ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kí ó tó rí i pé àárín ni wọ́n fi òun sí, tíkẹ́ẹ̀tì òun sì sọ pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní ọkọ̀ náà kì í ṣe ti òun nìyẹn. Ó gba àpò rẹ̀, ó jókòó tì í láàárín gáréèjì, ó ní ilé-iṣẹ́ òun ní Abà Ọ̀dàn ń bọ̀ wá gbé òun.

Obìnrin kan tó wá gba ẹrù níbẹ̀ ló gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀. Adépéjú lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, òun náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ka tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì pè mí. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mánijà. Mo ní èmi ni.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ léraléra, Àbẹ̀kẹ́, tí o pè mí padà ní ọjọ́ kejì tí mo ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà. O sọ fún mi pé inú ìpàdé ilé-iṣẹ́ yẹn lo wà ní Jahi, pé wọ́n ní kí gbogbo yín pa fóònù, torí wọ́n ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èrò. Mo pe Saeed náà, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ló tún gbé e. Mọ̀gàríbì bá mi lórí àpáta. Ẹlòmíì ló pèrun lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, kò dára tó.

Adépéjú ló tún pè. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Mpape ni òun náà ń gbé, òun yóò gbé ìyá náà sínú mọ́tò òun. Mo bi í pé ṣé yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn méjèèjì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn yẹn sì júwe yàrá onípákó kan fún wọn. Usamah wà láàyè. Òkúta ló yí lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Egungun náà jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́, kò lè dúró ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ti ta fóònù rẹ̀ fi ra oògùn, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó ránṣẹ́ sílé, torí pé pẹ̀lú ìlérí ńlá ló fi kúrò níbí. Ìyá Usamah sọ fún wa pé òun kò sunkún. Ó ní òun jókòó sílẹ̀, òun gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, òun ń fọwọ́ pa á. Usamah ló wá bi í, ó ní, “Màámi, ta ló mú yín débí?” Ó ní òun fa tíkẹ́ẹ̀tì yọ, òun fi lé e lọ́wọ́.

Èrò kan la rán lọ, méjì la lọ pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu gáréèjì níbẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ̀kọ tó wọ̀ mí lára jù láti ọjọ́ yìí.

Mo ti wá ṣe iṣẹ́ náà, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kò le, kàlẹ́ńdà ṣì kù nílẹ̀. Ibi tó le ni kí oúnjẹ má lọ títí èrò yóò fi dé. Mo wá ń rò ó pé bóyá nítorí ìyẹn ni àwọn ará Jahi ṣe ń gba owó lóṣooṣù, pé àwọn náà á máa bá ọ pa ebi yẹn mọ́ra. Mo gun àpáta, mo pè wọ́n kí n lè bi wọ́n. Wọ́n kọrin fún mi.

Diméjì tún bá mi wo inú wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn. Ó kọ Ìlọrin sí i, wọ́n ní àyè kan ṣoṣo ló kù. Ó kọ Ògbómọ̀ṣọ́, àyè kan ṣoṣo ló kù. Mo ní kí ó kọ Abà Ọ̀dàn, wọ́n ní àyè kan ṣoṣo ló kù níbí náà. Inú mi dùn pé wọ́n mọ̀ wá, ṣùgbọ́n mo ti wádìí kárí ilé, mi ò tíì rí ẹni tó ra àwọn yòókù.

Ilẹ̀ kájú kò sí fún títà mọ́. Usamah la fi síbẹ̀. Ó lè jókòó ṣa kájú, ó lè ti orí ìjókòó lé ewúrẹ́, a ti pa ahéré kékeré kan fún un lábẹ́ igi tó tóbi jù. Ilẹ̀ rẹ ṣì ni, ṣùgbọ́n èèyàn ti wà lórí rẹ̀ báyìí, mi ò sì lè ní kí ó dìde. Bó bá bí ọ nínú, bínú díẹ̀, kí o dárí jì mí. Má tíì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Bí ti ìrìn-àjò yìí bá wà lọ́kàn rẹ, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórúkọ ara rẹ. Ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọ la sọ ọ́ ní Ruqoyyah, àgbò la pa, ẹnikẹ́ni kò gba owó oṣù lọ́wọ́ wa lé e lórí títí di òní.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kò pọ̀. Owó káàdì, torí orin àwọn ará Jahi ti jẹ mí run. Owó àga gígùn tuntun, nítorí pé ọkùnrin tó ń gba afẹ́fẹ́ ti padà wá, ó sì mú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, àga ti ṣẹ́. Àti owó ọkọ̀ èèyàn méjì láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ, nítorí pé èmi àti ìyá rẹ ti jíròrò, a sì ti gbà láti jẹ́ èrò rẹ àkọ́kọ́. A mọ̀ pé èrò ló máa ń sanwó. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gbé òun kò ní rán ẹnikẹ́ni wá pàdé òun ní gáréèjì, kí ilé-iṣẹ́ wá fúnra rẹ̀, kí ó sì pọn Balkis sẹ́yìn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ ra wàhálà. Ẹni tí o bá rán lọ, yóò débẹ̀. Ibi tí ìwọ náà bá forí lé, wàá débẹ̀, wàá bá ire, wàá sì padà wá sílé wá sọ ọ́ fún wa. Kí Ọlọ́run bá wa fún Saeed ní ohun tó ń wá. Kí ó jẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin ríra ká tó tún kọ̀wé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ládánì.